Ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ń fi tipátipá gbé Windows 11 sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́

“This PC can't run Windows 11.” Ohun tí láptọ́ọ̀pù mi kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn. Mo pa á, mo tún un tàn, ó tún un sọ. Inú bí mi bí ìgbà tí èèyàn bá rí mi fín lójú gbogbo ayé. Ìbínú yẹn ló kó bá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bá ọ̀rọ̀ ojú skrin jà, àìsàn gidi sì wà nínú ikùn ẹ̀rọ náà, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Mò ń kọ èyí fún ẹni tó ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tó sì ń rò ó bóyá kí òun dán an wò. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí kòtò wà, torí mo ti já sínú gbogbo wọn.

Ọdún 2012 ni wọ́n ṣe láptọ́ọ̀pù náà. Core i5 ìran kẹta ni ọpọlọ rẹ̀, RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, jẹ́ 8 GB, ègé 4 GB méjì, háádì-díìsìkì rẹ̀ sì jẹ́ 500 GB, irú èyí tó ń yí tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí mo bá rán an. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 mo kà á pé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10 máa dópin. Mo ní ó yá, kí n tètè kọjá sí 11 kí ọjọ́ tó pé. Windows 11 ti jáde láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, mo sì rò pé bí mo ṣe ti 7 bọ́ sí 10 náà ni màá ṣe bọ́ sí i.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Windows 11 ń béèrè RAM 4 GB, àyè 64 GB, UEFI (ètò ìpìlẹ̀ tó ń tan kọ̀ǹpútà) tó lè ṣe Secure Boot, ìyẹn kó yẹ ohun tó fẹ́ tàn wò kó tó gbà á, TPM 2.0, àti ọpọlọ tó wà nínú àkójọ tí wọ́n fọwọ́ sí. Ní ti Intel, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, ìran kẹjọ sókè ni. TPM yìí ni ègé kékeré tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí sínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà nínú tiyín, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ tpm.msc, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Specification Version sí. Tèmi jẹ́ 1.2. Ìran kẹta, TPM 1.2: nínú ohun márùn-ún tí wọ́n ń béèrè, RAM àti àyè nìkan ni mo ní tó dájú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé Linux sí i, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ìbéèrè gidi ni. Linux Mint ì bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì ní béèrè TPM lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ètò ìṣirò kan wà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé orí Windows nìkan ló ń ṣí, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà kíkọ nìkan lẹ fi kọ̀ǹpútà yín ṣe, ẹ lè fi ìwé yìí sílẹ̀ níbí kí ẹ lọ gbé Linux sí i. Mi ò ní bínú.

Fláàṣì ló kọ́kọ́ fojú mi rí nǹkan. Mo gba fáìlì ISO Windows 11, ìyẹn odindi Windows tí wọ́n dì sínú fáìlì kan, sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi kan, ó lé ní 6 GB. Mo ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí fláàṣì bí ẹni ń da fọ́tò. Ó dé orí fáìlì kan tó ń jẹ́ install.wim, ó dúró, ó ní fáìlì náà ti tóbi jù. Fláàṣì 32 GB, òfìfo! Mo lọ wá 64 GB. Ohun kan náà ló sọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe àyè ló kéré. FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí díìsìkì, ni wọ́n fi to fláàṣì méjèèjì, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB, bí àyè tó ṣófo lórí rẹ̀ ì báà tó ọgọ́rùn-ún. Bí mo bá wá fi NTFS, ọ̀nà tuntun, tò ó, UEFI láptọ́ọ̀pù mi ò mọ NTFS kà, kò tiẹ̀ ní rí fláàṣì náà rárá. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ láàárín méjèèjì.

Rufus ló tú mi sílẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ kékeré kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n so méjèèjì pọ̀. Ó tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó yọ àpótí kékeré kan sí mi, ó ń bi mí bóyá kí òun yọ ìbéèrè RAM, Secure Boot àti TPM kúrò. Mo rò pé ọ̀nà ẹ̀bùrú tó máa ba Windows jẹ́ ni, mo yọ àmì tó wà níwájú rẹ̀ kúrò, mo tẹ OK. Ẹ rí i, olùrànlọ́wọ́ na ọwọ́ sí mi, mo gbá a nù. Bí mo ṣe dé iwájú “This PC can't run Windows 11” nìyẹn.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lásán ni ọ̀rọ̀ yẹn, mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Windows fúnra rẹ̀ kì í wo TPM kó tó lè ṣiṣẹ́. Ètò tó ń gbé e wọlé ló ń wò ó. Bí ọ̀rọ̀ náà bá yọ, ẹ padà sẹ́yìn sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ tẹ Shift àti F10 pọ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù mìíràn ẹ máa fi Fn kún un. Àpótí dúdú kan á yọ. Ẹ kọ regedit síbẹ̀. Ẹ wọ HKEY_LOCAL_MACHINE, lẹ́yìn náà SYSTEM, lẹ́yìn náà Setup. Lábẹ́ Setup, ẹ dá Key tuntun kan, kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ LabConfig. Nínú rẹ̀ ni kí ẹ ti dá DWORD mẹ́ta: BypassTPMCheck, BypassSecureBootCheck àti BypassCPUCheck, kí iye ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1. Ẹni tí RAM rẹ̀ ò bá tó 4 GB lè fi BypassRAMCheck sí i. Ẹ ti àwọn àpótí náà, kí ẹ máa bá ìrìn yín lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́ fún mi. Mo ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé àlàfo ni mo fi sáàárín Lab àti Config. Mo yọ ọ́, ó jẹ́ kí n kọjá. Mo pariwo, mo dìde lórí àga. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Ibi tó kàn yìí ni mi ò fẹ́ máa rántí.

Windows bi mí ibi tí mo fẹ́ kóun wọ̀. Mo fi díìsìkì hàn án, ó ní díìsìkì náà jẹ́ MBR, pé lórí ẹ̀rọ tó bá gba ọ̀nà UEFI tàn, GPT nìkan lòun lè wọ̀. MBR àti GPT ni ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà ṣe àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín díìsìkì. MBR ni ti àtijọ́. Èmi fúnra mi ni mo lọ yí i nínú BIOS, ojú ewé ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, láti Legacy, ọ̀nà ìtàn àtijọ́, sí UEFI, torí mo gbọ́ pé Windows 11 ò gba Legacy. Díìsìkì tí wọ́n ti pín láti ìgbà Legacy ò mọ̀ nípa ìyẹn.

Mo ka ibì kan tí wọ́n ní kí n tún tẹ Shift àti F10, kí n kọ diskpart, kí n yan disk 0, kí n kọ clean. Mo ti kó Documents àti Desktop sórí díìsìkì ìta ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Ohun tí mi ò rò ni D. Láti ọdún tí mo ti ń lo láptọ́ọ̀pù yẹn, C wà, D wà, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé díìsìkì méjì ni wọ́n. Inú D ni mo ń kó fọ́tò sí, kí wọ́n má baà bá C lọ bí Windows bá bàjẹ́. Ọgbọ́n ni mo pè é. Ìpín méjì ni wọ́n lórí díìsìkì kan ṣoṣo. Clean ò sì mọ C yàtọ̀ sí D. Odindi díìsìkì ló ń nù. Kò bi mí bóyá ó dá mi lójú. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti ṣe tán.

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo dá ìpín tuntun, mo tẹ Next, mo lọ sùn pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé kò pọn dandan. Ètò kan wà nínú Windows tó ń jẹ́ mbr2gpt, tó ń yí MBR padà sí GPT láì fọwọ́ kan fáìlì. Ẹ máa kọ́kọ́ kọ mbr2gpt /validate /disk:0, kó sọ fún yín bóyá díìsìkì náà ṣe é yí. Bó bá gbà, kí ẹ wá lo /convert dípò /validate. Bó bá jẹ́ inú Windows tó ti tàn lẹ wà, ẹ fi /allowFullOS kún un. Ẹ ṣe é kí ẹ tó lọ yí BIOS sí UEFI, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó gbogbo ẹrù yín jáde, pàápàá àwọn ẹrù tí ẹ rò pé ibòmíràn ni wọ́n wà. Ẹ ṣí Disk Management wò. Ojú yín á rí i kedere níbẹ̀ iye díìsìkì tó wà, àti lẹ́tà tó wà lórí èwo.

Bí ẹnì kan bá ti ṣe irú àṣìṣe yìí tó sì ń ka ìwé yìí lọ́wọ́: ẹ gbé ọwọ́ sókè kúrò lórí ẹ̀rọ náà báyìí. Àkọsílẹ̀ ìpín ni clean ń pa, àwọn fáìlì ṣì wà níbi tí wọ́n wà títí nǹkan mìíràn á fi gorí wọn. TestDisk lè wá ìpín tó sọnù rí, kó dá a padà pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi ti gbé Windows gorí tèmi léraléra kí n tó gbọ́ orúkọ TestDisk. PhotoRec, àbúrò rẹ̀, ni mo wá fi kó èyí tó ṣẹ́ kù. Ó rí èyí tó pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn fódà tí mo fi oṣù àti ọdún tò ti di recup_dir.1, recup_dir.2, àwọn fọ́tò inú wọn sì ti di f àti nọ́ńbà gígùn. Ọjọ́ tí wọ́n yà wọ́n ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, òun ni mo fi ń tò wọ́n padà. Mi ò tíì tò ó tán.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí Windows. Mo jí láàárọ̀, mo rò pé màá bá a tó ti tàn. Ohun tí mo bá ni pé ó ti dúró sí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń sọ pé òun ò lè gbé àwọn fáìlì tó yẹ wọlé, 0x8007025D. Mo tún un ṣe, ó kú sí 12. Mo tún un ṣe, ó dé 71, ayọ̀ mi kún, ó kú. Mo ní fláàṣì ló bàjẹ́, mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní ISO ló bàjẹ́, mo tún un gbà. Mo tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú certutil -hashfile àti SHA256, mo fi wé àwọn lẹ́tà tó wà lójú ewé tí mo ti gbà á, gbogbo rẹ̀ bára mu. Mo pààrọ̀ ojú ihò USB. Mo yọ bátìrì láptọ́ọ̀pù, mo fi iná nìkan lò ó. Mi ò lè sọ ìdí tí mo fi yọ bátìrì. Nígbà tí nǹkan bá ti sú èèyàn, ohunkóhun á dà bí ogùn.

Ọjọ́ kẹjọ ni àbúrò mi kan pè mí lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ló bá gbọ́ ohùn mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti yẹ RAM rẹ̀ wò?”

“RAM wo? Windows 10 ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gangan tó ń kú sí ń yí padà.”

Mo dá a lóhùn bí ẹni tó mọ̀ ju òun lọ, mo sì tún fi ọjọ́ mẹ́ta mìíràn ṣòfò. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Bí fáìlì bá bàjẹ́, ojú kan náà ló sábà máa ń kú sí. Bó bá ń kú síhìn-ín lónìí, tó ń kú sọ́hùn-ún lọ́la, ẹ fura sí ẹ̀rọ. Gbígbé Windows wọlé sì máa ń lo RAM gan-an, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń tú fáìlì tí wọ́n fún pọ̀ sílẹ̀. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà, kò ní bára mu mọ́. Ní ìgbà Windows 10, ó ti máa ń kú fún mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó tan ara rẹ̀ padà. Ogbó ni mo pè é.

Mo fi Memtest86+, ètò tó ń dán RAM wò, sórí fláàṣì, mo tan láptọ́ọ̀pù náà láti orí rẹ̀. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí ìlà pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò sórí skrin. Mo jókòó mo ń wò wọ́n. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ó kéré tán mo ti rí ojú ọ̀tá. Mo pa á, mo tú ìdí láptọ́ọ̀pù náà, mo yọ ègé RAM kan, mo dán èkejì wò ní òun nìkan, mo tún pààrọ̀ wọn. Ẹ má ṣe fo èyí: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ dán wọn wò, kí ẹ sì dán ègé kan náà wò nínú ihò méjèèjì, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ègé ló bàjẹ́ ni tàbí ihò tó ń gbé e. Ti èmi, ègé kan ni. Mo fi rọ́bà ìpawérẹ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀, mo dá a padà, ìlà pupa tún yọ. Mo bá yọ ọ́ pátápátá.

Pẹ̀lú 4 GB tó kù, Windows 11 wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò dúró níbì kankan.

Ó wá dé ibi tó ti ń bi mí ní íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì rí Wi-Fi kankan. Dráífà Wi-Fi àtijọ́ yẹn, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows mọ̀ ọ́n lò, ò sí nínú Windows 11. Bọ́tìnnì Next sì ti di eérú, kò ṣe é tẹ̀. Ọgbọ́n tó wọ́pọ̀ nígbà náà ni pé kí èèyàn tún tẹ Shift àti F10, kó kọ OOBE\BYPASSNRO, kí ẹ̀rọ náà tan ara rẹ̀ padà, kó wá jẹ́ kéèyàn sọ pé òun ò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn jù, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, ni fóònù. Ẹ fi wáyà USB so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tan USB tethering, Windows á rò pé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ni, á sì máa gba dráífà tó kù fúnra rẹ̀. Ní ti Wi-Fi ọ̀hún, dráífà Windows 10 ni mo wá fún un, kò bá a jà. Ti ojú skrin náà bẹ́ẹ̀: kó tó di pé mo fi dráífà sí i, bí mo bá ti ìdérí pa tí mo tún ṣí i, dúdú ni mò ń bá.

Mo rò pé ó ti parí. Mo pa á lálẹ́, mo yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò. Láàárọ̀, mo tàn án: kò sí díìsìkì tó ṣe é tàn. Ara mi tutù. Mo wọ BIOS, mo rí i pé Legacy ló tún wà níbẹ̀, èmi tí mo fi UEFI sí i. Mo yí i padà, ó tàn. Ní ọjọ́ kejì, nǹkan kan náà. Níkẹyìn mo wo ọjọ́ tó wà nínú BIOS: oṣù kìíní ọdún 2012. Bátìrì kékeré pẹlẹbẹ tó ń bá BIOS rántí nǹkan, CR2032, ti kú fín-ín-fín. Gbogbo ìgbà tí iná bá ti kúrò lára kọ̀ǹpútà náà ló ń gbàgbé ohun tí mo sọ fún un. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti gbó náà ò lè dì í mú di àárọ̀. Ọjọ́ tí kò tọ̀nà yẹn ló sì fà á tí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń sọ fún mi pé wọn ò fọkàn tán ìsopọ̀ mi. Ìwé ẹ̀rí ààbò wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012. Mo ti fẹ́ dá Windows lẹ́bi fún ìyẹn náà.

Háádì-díìsìkì ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Ó ń fa bí ìgbín. CrystalDiskInfo, ètò tó ń wo ìlera díìsìkì, fi àwọ̀ ìyeyè hàn mí, ó kọ Caution, pé àwọn ibì kan wà lórí díìsìkì tí kò ṣe é kà dáadáa mọ́. Mo fi SSD, díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀, SATA 2.5 ni ihò láptọ́ọ̀pù náà, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: SSD yẹn ló sọ láptọ́ọ̀pù náà di ọ̀tun, Windows 11 kọ́. Bí ẹ bá ní owó fún nǹkan kan ṣoṣo, òun ni kí ẹ rà.

Bí mo bá ní kí n tún un ṣe lónìí, RAM ni màá kọ́kọ́ dán wò láti alẹ́ di àárọ̀, màá wo ìlera díìsìkì, màá wo ọjọ́ inú BIOS, màá fọn eruku inú fáànù, gbogbo rẹ̀ kí n tó fi ọwọ́ kan ISO kankan. LabConfig tí mo ń wárìrì sí ò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ohun tó kù ni ọ̀pdéètì. Àtúnṣe ààbò oṣooṣù ń wọlé fún mi, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ ọ́ pé àwọn ò ṣe ìlérí rẹ̀ fún ẹ̀rọ tí kò bá kún ojú òṣùwọ̀n, nítorí náà mo fi í sọ́kàn pé ó lè dúró lọ́jọ́ kan. Ìtẹ̀jáde ọdọọdún kì í wá fúnra rẹ̀. 23H2, ìtẹ̀jáde ti ọdún 2023, ni mo gbé wọlé, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2025 sì ni àtúnṣe rẹ̀ dópin fún Home àti Pro, nítorí náà èmi ni mo ní láti fọwọ́ mi gbé 24H2 sí i. Mo ṣí ISO rẹ̀ láti inú Windows, mo sì ti inú àpótí dúdú kọ setup.exe /product server. Á máa sọ fún yín pé Windows Server lòun ń gbé wọlé. Ẹ má bẹ̀rù, Windows 11 yín náà ni. Ẹ kàn rí i pé ibi tó ní kẹ́ ẹ pa fáìlì yín mọ́ lẹ yàn.

24H2 ní ẹnu ọ̀nà kan tí kò ní ẹ̀bùrú, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ó ń fẹ́ kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà mọ àṣẹ méjì kan, POPCNT àti SSE4.2. Core i láti ìran kìíní mọ̀ wọ́n. Core 2 Duo ò mọ̀ wọ́n, kò sì sí LabConfig tàbí Rufus tó lè kọ́ ọ. Ẹni tó bá ní Core 2 Duo, kó má wulẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò bíi tèmi.

Kí n tó tẹ Enter fún 24H2 yẹn, mo ṣí Disk Management, mo ka díìsìkì tó wà níbẹ̀ sókè bí ọmọ iléèwé. Ẹyọ kan ni. Mo kó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ jáde, C àti D. Ègé RAM tó bàjẹ́ yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Mo ti fi mákà fa ìlà pupa sí i lára, kí n má baà ṣèèṣì dá a padà.